Ta ni yóò kọ ìlànà 6G? Ìjà tó wà nídìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń bọ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, àwọn ẹnjiníà láti iléeṣẹ́ tó ń ṣe fóònù, àwọn tó ń ṣe ṣíìpù àti àwọn tó ń ta ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàdé ní ìlú Reno, ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn. Bí fóònù bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń gúnlẹ̀ láìfarapa. Ilé, igi, òjò àti àwọn fóònù mìíràn tó wà nítòsí a máa bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà ni fóònù fi máa ń so àfikún díẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà kó tó fi í ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ tó gbà á lè ti ara àfikún yẹn mọ ibi tó bàjẹ́, kó sì tún un ṣe. Ìṣirò wo ni kí wọ́n máa fi ṣe àfikún yìí nínú 5G? Ìbéèrè tó gbé wọn dé Reno nìyẹn.

Ìṣirò Turbo, tí Claude Berrou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Faransé lọ́dún 1993, ni 3G àti 4G lò. Àwọn kan ní kí wọ́n má pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Qualcomm àti Samsung wà lára àwọn tó sọ pé ìṣirò mìíràn, LDPC, ló kàn. Huawei dúró gbọn-in sẹ́yìn ìṣirò kẹta, Polar. LDPC dàgbà ju fóònù alágbèéká fúnra rẹ̀ lọ: Robert Gallager ló hùmọ̀ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní MIT lọ́dún 1960, àmọ́ kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kò lágbára tó láti fi ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún bí ọgbọ̀n ọdún. Polar ní tiẹ̀ jẹ́ ọmọ tuntun. Erdal Arıkan, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Bilkent ní Ankara, ló tẹ iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2009. Gallager yìí kan náà ló sì tọ́ Arıkan sọ́nà nígbà tó ń gboyè ọ̀mọ̀wé ní MIT. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá wá sọ iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń bára wọn jà lé lórí.

Wọ́n pín in ni. Ìpín náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Lisbon lóṣù tó ṣáájú, Reno ni wọ́n ti parí ẹ̀. LDPC gba ẹrù ńlá, ìyẹn fídíò, àwòrán àti gbogbo dátà tí oníbàárà ń sanwó fún. Polar gba ojú ọ̀nà àṣẹ, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń sọ fún fóònù pé àkókò tirẹ̀ ti tó láti sọ̀rọ̀. Turbo kò rí ibi jókòó sí nínú rédíò tuntun náà. Gbogbo fóònù 5G tó wà lọ́wọ́ èèyàn lónìí ló ń tẹ̀lé ìpín yẹn.

Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 2018, ọ̀rọ̀ ìṣirò yìí gbalẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ṣáínà. Àwọn èèyàn ń bínú sí Lenovo pé ní apá kan ìpàdé náà, kò dúró ti Huawei tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ le débi pé Liu Chuanzhi, tó dá Lenovo sílẹ̀, kọ lẹ́tà síta láti gba iléeṣẹ́ náà lẹ́nu aráyé. Huawei fúnra rẹ̀ jáde láti sọ pé Lenovo ti Polar lẹ́yìn. Mi ò rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bínú yẹn lè ṣàlàyé bí Polar ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun kan tó ṣe kókó, tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbòmíràn kò tíì fiyè sí: ẹni tí ìhùmọ̀ rẹ̀ bá wọ inú ìlànà, gbogbo ayé ni yóò máa san owó fún un.

Àdéhùn ni ìlànà, tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní sítáńdáàdì. Òun ló mú kí fóònù tí wọ́n ṣe ní Kòríà lè bá òpó tí wọ́n ṣe ní Swídìn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì ti rí ara wọn rí. Ibi méjì ni iṣẹ́ náà pín sí. ITU, tó jẹ́ ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, ló ń sọ ohun tí ìran nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè ṣe kó tó lè jẹ́ orúkọ yẹn. 3GPP, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1998, tó sì ni ìpàdé Reno yẹn, ló ń kọ bí wọn yóò ṣe ṣe é, láti orí bí òpó ṣe ń pe fóònù títí dé bí owó ìpè ṣe ń wọ ìwé. Ẹgbẹ́ méje láti Amẹ́ríkà, Yúróòpù, Ṣáínà, Jàpáánù, Gúúsù Kòríà àti Íńdíà ló para pọ̀ di 3GPP. Méjì nínú wọn wá láti Jàpáánù. Wọn kì í sábà dìbò. Wọ́n máa ń fà á títí gbogbo wọn yóò fi gbà, àfi tí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò lójútùú, nígbà náà ni wọn yóò dìbò, ẹni tó bá sì fẹ́ borí gbọ́dọ̀ ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó náà díẹ̀ sí i. Bí iléeṣẹ́ kan bá ní pátẹ́ǹtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, lórí ohun tí ìlànà sọ ọ́ di dandan, kò sí ẹni tó lè ṣe fóònù 5G láìgba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Kí ó má baà fi agbára yìí rẹ́ àwọn èèyàn jẹ, wọ́n máa ń ní kó ṣèlérí pé iye tó tọ́, tó bójú mu, tí kò sì ṣojúsàájú ni yóò máa gbà. Ta ni yóò sọ iye tó bójú mu? Lọ́dún 2017, Ericsson kéde pé dọ́là 5 lòun yóò gbà lórí fóònù 5G olówó ńlá, pé ó lè wálẹ̀ sí dọ́là 2.50 lórí èyí tí owó rẹ̀ kéré. Nokia sọ yúrò 3 lọ́dún 2018. Huawei sọ lọ́dún 2021 pé òun kò ní gbà ju dọ́là 2.50 lọ. Qualcomm ní tiẹ̀ ń ka iye owó fóònù náà, ó sì ń gba ìdá kan nínú rẹ̀. Ju bílíọ̀nù kan fóònù ìgbàlódé ni wọ́n ń tà lọ́dún kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín, ẹ ó rí ìdí tí iléeṣẹ́ fi ń san owó ọkọ̀ òfuurufú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹnjiníà láti lọ máa fa ọ̀rọ̀ lórí ìlà kan nínú ìwé.

Bí ìlànà bá pé méjì

Ká tó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí 6G, ó yẹ ká wo ìgbà tí ọ̀nà ti pín rí. Ní àwọn ọdún 1980, orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọ̀ọ̀kan ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ará àríwá ń lo NMT, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo TACS, Jámánì ní C-Netz, Faransé ní Radiocom 2000. Fóònù inú ọkọ̀ tó ń dún dáadáa ní ìlú kan yóò ya odi bí ọkọ̀ bá ti kọjá ẹnubodè. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ìyà náà ló mú kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lọ́dún 1982, tí wọ́n sọ ní Groupe Spécial Mobile, ibẹ̀ ni orúkọ GSM ti wá. Lọ́dún 1987, àwọn aṣojú láti orílẹ̀-èdè 13 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò jọ gbé e kalẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1991, Harri Holkeri, tó ti jẹ olórí ìjọba rí ní Finland, fi GSM pe Kaarina Suonio, igbákejì olórí ìlú Tampere. Ìpè náà wọlé.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní kí ọjà yan ohun tó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni GSM, TDMA àti CDMA tí Qualcomm gbé jáde ṣe jọ ń na ọjà kan náà. Verizon àti Sprint mú CDMA, T-Mobile mú GSM, fóònù àwọn tibí kò sì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tọ̀hún. Nínú GSM, ìdánimọ̀ oníbàárà wà nínú síìmù, èèyàn lè yọ ọ́ kó kì í sínú fóònù mìíràn. Lórí CDMA ti Amẹ́ríkà, inú fóònù gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ fóònù gbọ́dọ̀ gba iwájú iléeṣẹ́ tó tà á fún un kọjá. Ìyàtọ̀ yìí lásán ti tó láti fi han ẹni tí ìlànà kọ̀ọ̀kan gbé òmìnira lé lọ́wọ́.

Síbẹ̀, a ò ní purọ́ mọ́ CDMA. Lójú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọgbọ́n inú rẹ̀ dára ju ti GSM lọ: ó jẹ́ kí àwọn èèyàn púpọ̀ jọ sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí olúkúlùkù ń lo kóòdù tirẹ̀. Nígbà tí àwọn oní-GSM fẹ́ ṣe 3G, ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n yá lò, wọ́n pè é ní W-CDMA. Ìlànà GSM gba ayé, ọgbọ́n CDMA wọ inú rẹ̀, Qualcomm sì ń gbowó lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì. Ìlànà lè kú, kí ọgbọ́n inú rẹ̀ máa jayé nílé ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀.

Ṣáínà náà dán tiẹ̀ wò. Ní oṣù Kìíní 2009, ìjọba ibẹ̀ pín ìwé àṣẹ 3G fún iléeṣẹ́ mẹ́ta, ìlànà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: China Unicom gba W-CDMA, China Telecom gba CDMA2000, China Mobile, tó ní oníbàárà jù, ni wọ́n ní kó gbé TD-SCDMA tí wọ́n ṣe nílé. Ohun àmúyangàn ni lójú ìjọba. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe fóònù nílẹ̀ òkèèrè kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ìlànà tí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ń lò. Unicom ti ń ta iPhone láti 2009; oṣù Kìíní 2014, nígbà tí 4G dé, ni ti China Mobile tó dé. Ẹ̀kọ́ tí Ṣáínà kọ́ níbẹ̀ ló gbé e dé ibi tó wà lónìí. Nígbà tí 4G ń bọ̀, kò tún dá ilé tirẹ̀ kọ́ mọ́, inú ilé gbogbo ayé ló wọ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní yàrá kan níbẹ̀. Yàrá náà ni TD-LTE, ẹ̀yà kan nínú LTE, ìlànà 4G tí 3GPP ṣe.

Ìtàn tó dùn mí jù ni ti WiMAX, ìlànà tó bá LTE du ipò 4G. Intel ló ṣíwájú àwọn tó ń tì í lẹ́yìn. Inú ìdílé Wi-Fi ló ti wá, ìyẹn àwọn ìlànà tí àjọ àwọn ẹnjiníà, IEEE, ń ṣe, kì í ṣe ọmọ 3GPP. ITU gbà á mọ́ 3G lọ́dún 2007. Ó ti délé kí LTE tó múra tán: Sprint bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Baltimore ní oṣù Kẹsàn-án 2008, nígbà tí TeliaSonera kò tíì gbé LTE síta ní Stockholm àti Oslo títí di oṣù Kejìlá 2009. Ẹni tó bá wò ó nígbà náà yóò ní WiMAX ti gbégbá orókè.

Kí ló wá dé? Àwọn iléeṣẹ́ tó ń lo GSM káàkiri ayé ti ní òpó, oníbàárà àti ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. LTE gbà wọ́n láyè láti máa gbé oníbàárà sọ́kalẹ̀ sórí 3G tàbí 2G níbi tí 4G kò bá dé, láìsí pé ìpè dátà rẹ̀ já. WiMAX kò ní irú mọ̀lẹ́bí bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀. Ohun tó wá dá ọ̀rọ̀ náà ni pé Verizon, olórí àwọn oní-CDMA ní Amẹ́ríkà, ya kúrò lójú ọ̀nà ìdílé rẹ̀, ó ní LTE lòun yóò bá lọ. Qualcomm ní ìlànà kẹta kan tó ń tọ́jú fún àwọn oní-CDMA, tí wọ́n ń pè ní UMB. Ní oṣù Kọkànlá 2008 ló pa á tì. Lọ́dún 2011, Sprint náà kéde LTE, nígbà tó sì di 2016, ó ti pa òpó WiMAX rẹ̀. Àwọn tó ra HTC EVO 4G, fóònù tó ń lo WiMAX ti Sprint, lọ́dún 2010, tí inú wọn ń dùn pé àwọn ti wọ 4G ṣáájú gbogbo ayé, padà rí i pé fóònù 3G ló kù sí àwọn lọ́wọ́. Wọn kò ṣe àṣìṣe kankan. Nǹkan tí wọ́n tà fún wọn ni wọ́n rà.

Láti ìgbà yẹn, ayé ti wà lórí okùn kan. 5G náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já okùn náà. Verizon kọ ìlànà tirẹ̀ kí 3GPP tó parí, KT ní Gúúsù Kòríà kọ tirẹ̀ nítorí ìdíje Olympics ti PyeongChang lọ́dún 2018. Kí ọ̀nà má baà pín, 3GPP sáré gbé apá kan síta ní oṣù Kejìlá 2017, kó tó parí ìyókù ní oṣù Kẹfà 2018. Apá tó kọ́kọ́ jáde yìí gbé rédíò 5G lé orí ọpọlọ 4G. Ó jẹ́ kí wọ́n tètè dé ọjà. Ó tún jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí 5G lójú fóònù wọn nígbà tí 4G ṣì ń ṣe àkóso abẹ́ rẹ̀. Mo gbà pé ìkánjú yẹn gba ayé lọ́wọ́ ìyapa, àmọ́ àwọn oníbàárà ló san owó rẹ̀.

Íńdíà náà gbé 5Gi wá, ìlànà tí àjọ TSDSI ṣe nítorí àwọn abúlé tí òpó jìnnà síra wọn. ITU gbà á wọlé. Àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Íńdíà fúnra wọn ló ń bẹ̀rù pé fóònù tó máa gbà á yóò wọ́n. Níkẹyìn wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ ìlànà 3GPP. Ohun tó dára nínú rẹ̀ kò ṣòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ 6G dé

Ní oṣù Kọkànlá 2023, ITU gbé ìwé kan jáde tó sọ ohun tí 6G gbọ́dọ̀ lè ṣe. IMT-2030 ni orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀. Lára ohun tuntun tó wà nínú rẹ̀ ni pé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò lè máa fi ìgbì rẹ̀ mọ ohun tó ń rìn káàkiri rẹ̀, bíi rédà, àti pé ọgbọ́n àtọwọ́dá yóò wà nínú iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ìpìlẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2025, 3GPP ṣe ìpàdé nípa 6G ní Incheon ní Gúúsù Kòríà. Ìwádìí ló wà nínú apá tí wọ́n ń pè ní Release 20. Release 21 ni ìlànà gan-an yóò ti jáde, kí wọ́n tó gbé e lọ fún ITU pẹ̀lú èrò pé yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 2030.

Nítorí náà, ẹni tó ń wá ìlànà méjì tó dojú kọra bíi WiMAX àti LTE kò ní rí i. Ìjà ti wọ inú yàrá kan ṣoṣo. Àwọn kan ní kí wọ́n fi OFDM, ọ̀nà tí 4G àti 5G ń gbà to ọ̀rọ̀ sórí ìgbì, sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tó gbé ọ̀nà mìíràn, OTFS, dání sọ pé tiwọn dúró dáadáa jù ú lọ bí ẹni tó mú fóònù bá wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré àsápajúdé. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ra ẹ̀rọ, tí 5G ti kọ́ lọ́gbọ́n, ń sọ pé àwọn kò fẹ́ 6G tó máa gun ẹ̀yìn ìran tó ṣáájú rẹ̀ mọ́. Ìjà tún wà lórí inú òpó fúnra rẹ̀. Láti 2018 ni AT&T, China Mobile, Deutsche Telekom, NTT DoCoMo àti Orange ti dá O-RAN Alliance sílẹ̀, kí èèyàn lè ra eríàlì lọ́wọ́ ẹnìkan, kó ra kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìlànà O-RAN kì í ṣe ti 3GPP, bí wọn yóò sì ṣe gbé àwọn méjèèjì pọ̀ nínú 6G jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbì tún wà níbẹ̀, òun ni mo sì rò pé ó lè pín ayé ju ìṣirò lọ. Lọ́dún 2020, Amẹ́ríkà gbé gbogbo ìgbì tó wà láàárín 5.925 àti 7.125 GHz fún Wi-Fi. Lọ́dún 2023, Ṣáínà mú ìdajì òkè rẹ̀, láti 6.425 lọ, fún fóònù alágbèéká. Ní Dubai ní ìparí ọdún náà, níbi àpérò àgbáyé lórí ìgbì, Yúróòpù àti Áfíríkà gba ìdajì òkè náà láyè fún fóònù, àmọ́ wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún Wi-Fi. Fóònù tó máa ṣiṣẹ́ níbi gbogbo gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀yà ara tó lè gbọ́ gbogbo ìgbì wọ̀nyí, ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan sì ní owó tirẹ̀. Àpérò ọdún 2027 ni wọn yóò ti gbé ìgbì 4.4 sí 4.8, 7.125 sí 8.4 àti 14.8 sí 15.35 GHz yẹ̀ wò.

Òṣèlú kò sì jìnnà. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé òwò pẹ̀lú Huawei ní oṣù Karùn-ún 2019, àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé òfin lè mú àwọn bí àwọn bá ṣí ẹnu nínú ìpàdé tí Huawei wà. Àwọn kan fà sẹ́yìn, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ sì wà fún ẹni tó bá wà níbẹ̀. Oṣù Kẹfà 2020 ni ìjọba ibẹ̀ tó ṣàtúnṣe, tó ní wọ́n lè jọ jókòó nídìí iṣẹ́ ìlànà. Ní oṣù Kejì 2024, orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tí Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jàpáánù, Gúúsù Kòríà, Finland àti Swídìn wà lára wọn, fi ọwọ́ sí ìwé kan lórí bí 6G ṣe yẹ kó rí, pẹ̀lú ààbò níwájú. Ṣáínà kò sí nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé ìwé náà ni ìbẹ̀rẹ̀ ìyapa. Ṣùgbọ́n bí apá méjì ayé bá jáde pẹ̀lú 6G méjì, àwọn tí kò sí nínú ìjà náà rárá, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ra ẹ̀rọ tí wọn kì í ṣe é, ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn orílẹ̀-èdè yìí gan-an ni wọn kì í sábà ní ènìyàn nínú yàrá náà. Ìpàdé 3GPP ń lọ láti ìlú dé ìlú ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dún, ìwé tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀ sì máa ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìwọ̀nba ni iléeṣẹ́ tó lè rán ènìyàn lọ sí gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ ìwé náà kò fara pamọ́. Ohun tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú wá, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí àti ohun tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, títí kan ti Lisbon àti Reno lọ́dún 2016, wà lórí ojú òpó 3GPP fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, láìgba kọ́bọ̀.